Ọdún Tí Wọ́n Fo Orúkọ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí owó-orí bàbá mi. Mo ti kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, níwájú akọ̀wé kan náà. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ bàbá mi kúrò nínú ìwé owó-orí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dá a padà síbẹ̀! Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ẹni tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n dákun gba owó lọ́wọ́ òun?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ìjerò ni ilé wa. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ẹ̀fọ̀n ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Bàbá mi, Dáníẹ́lì Àjàyí, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n bá dá orin, àní bí kò tilẹ̀ mọ orin náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde pé òun fẹ́ lọ wẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dìde, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, “ẹ̀n.” Ó fẹ́ mu omi, ẹ̀n. Ó yó, ẹ̀n. Inú ń bí i, ẹ̀n! Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, nìkan ló mọ bí ẹ̀n kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì. Àwa yòókù kàn ń méfò ni.

Àbúrò mi kan ṣoṣo tó jẹ́ ọkùnrin wà lókè òkun, ó ń kàwé. Ta ló wá kù tí yóò máa sáré? Èmi tíṣà náà ni.

Bẹ́ẹ̀, owó-orí ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣubú. Iye kòkó tí bàbá mi ń tà nígbà tó lágbára ni wọ́n ṣì ń wò tí wọ́n fi ń gbé owó lé e lórí. Oko ti di igbó, àwọn akódà káńsù ṣì ń wá sílé. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo bàbá mi lórí àga, wọ́n á wo Yèyé, wọ́n á ní àwọn ò mọ nǹkan kan o, wọ́n rán àwọn níṣẹ́ ni. Owó oṣù mi ni gbogbo rẹ̀ ń já lé lórí. Mo wá rò ó pé ṣé wọn ò lè dá ọkùnrin aláìsàn yìí sí ni? Òfin kúkú ní kí wọ́n dá irú wọn sí.

Mo wọ mọ́tò láti Ẹ̀fọ̀n dé Aramọkọ. Mo bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo dúró de mọ́tò mìíràn tí yóò gbé mi dé Ìjerò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà yẹn láyé ìgbà náà, ẹ bá mi dárò! Nígbà tí mo fi máa dé ọ́fíìsì owó-orí, eruku ti sọ gèlè mi di pupa, ìpéǹpéjú mi ti pupa. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ dígí ojú, wò mí bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni mo ti hú jáde.

Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní ẹni tí owó-orí wà lórí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní kò lè rìn. Ó ní kó kọ̀wé ránṣẹ́. Mo ní ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ti rọ. Ó ní kí wọ́n gbé e wá kó wá sọ̀rọ̀. Mo ní kò lè sọ̀rọ̀! Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde jọ̀ọ́, ìkúnlẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwé ni. Kí n lọ bá lọ́yà kó ṣe ìwé tí bàbá mi máa fi yan ẹni tí yóò máa dúró fún un.

Bí mo ṣe dèrò Adó nìyẹn o. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, lọ́yà ò sí nílé. Nígbà tí mo tún lọ, wọ́n ní ó wà ní kóòtù, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Nígbà tí mo wá rí i tán, ó ní orúkọ ìwé náà ni páwà ọ́fú àtọ́ọ̀nì. Yèyé ní òun ò lè pe ìyẹn láéláé. “Ìwé dúró-fún-mi” ni òun ń pè é, orúkọ yẹn ló sì mọ́ gbogbo wa lẹ́nu nínú ilé.

Lọ́yà rán akọ̀wé rẹ̀ wá sí Ìjerò lọ́jọ́ Sátidé kan kí bàbá mi lè tẹ̀ka sí ìwé náà níṣojú rẹ̀. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ó ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Yèyé tún sọ ọ́ ní Èkìtì tiwa. Ó wá bi bàbá mi bóyá ó yé e pé èmi ni n ó máa dúró fún un lórí ọ̀rọ̀ owó-orí. Ojú bàbá mi mọ́lẹ̀. “Ẹ̀n!”

Yèyé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa dáhùn fún òun.”

Ó ku ìka títẹ̀. Wàhálà dé! Ọwọ́ ọ̀tún ti kú, òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi wo àtàǹpàkò òsì rẹ̀, ó fi í pamọ́ sábẹ́ itan. Ọwọ́ òsì? Níwájú àlejò? Bàbá tó ti nà wá rí nítorí pé a fi ọwọ́ òsì gba ẹran lọ́wọ́ àgbà! A bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Yèyé wá gbé ọwọ́ ọ̀tún tó rọ náà, ó fẹ́ máa fi ìka rẹ̀ kan tàdáwà. Akọ̀wé lọ́yà pariwo pé rárá o, Màmá, ẹni tó ni ìka gan-an ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oòrùn ń mú. Mo ti ń ronú nípa mọ́tò tí yóò gbé mi padà sí Ẹ̀fọ̀n, torí mo ní ìwé àwọn ọmọ iléèwé láti máàkì. Yèyé wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga ọkọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. N ò mọ ohun tó sọ títí di òní. Ọwọ́ òsì yẹn jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ itan.

Yèyé yára sọ pé, “Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni.”

Akọ̀wé náà tẹ̀ ba díẹ̀, ó ní, “Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, Bàbá.” Bàbá mi sì tẹ ìka.

Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀, àbí? Rárá. Wọ́n tún ní kí n lọ gba ìwé dókítà. Wọ́n ní kí olórí àdúgbò wá jẹ́rìí. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi, ojú títì ló bá a lọ. Ọ̀gá iléèwé mi tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti gba iṣẹ́ mìíràn sí Ìjerò. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, akọ̀wé onídígí yẹn fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí orúkọ Dáníẹ́lì Àjàyí, ó ní ó parí.

Mo sáré délé. Yèyé ti lọ sọ́jà, bàbá mi nìkan ló wà lórí àga. Mo sọ fún un pé ẹ sinmi, Bàbá, a ti yọ orúkọ yín, ẹnikẹ́ni ò ní fi owó-orí yọ yín lẹ́nu mọ́ láyé yín. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀n.” Mo ní ẹ má dúpẹ́, Bàbá, ojúṣe mi ni.

Ta ló ní ọpẹ́ ni? Yèyé ò kúkú sí nílé tí yóò bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ní àdúgbò wa, tí àsìkò owó-orí bá tó, àwọn ọkùnrin á péjọ síwájú ilé olórí àdúgbò. Wọ́n á máa pe orúkọ láti agbo-ilé dé agbo-ilé, ẹni tí wọ́n bá pè á ní, “Mo ń bẹ!” Tí kò bá lè wá, ọmọ rẹ̀ á dáhùn pé, “Ó ń bẹ!” Àwọn obìnrin ń gbọ́ látinú ilé, gbogbo wọn ló mọ bí orúkọ ṣe tẹ̀ léra. Tí wọ́n bá fo orúkọ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni náà ti kú.

Mo mọ àṣà yìí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti wà ní iléèwé nílẹ̀ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni owó-orí jẹ́ lójú mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá.

Nígbà tí ọjọ́ ìpè pé, mo wà nílé. Láti àárọ̀ ni bàbá mi ti ń ṣe “ẹ̀n, ẹ̀n” títí Yèyé fi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, tó dé fìlà lé e lórí. Yèyé ní ohun tó ń sọ ni pé kí a gbé òun lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjú sí ilé olórí àdúgbò gan-an. Mo rò pé atẹ́gùn ló fẹ́.

Wọ́n ń pe orúkọ bọ̀. Wọ́n pe ti aládùúgbò wa lápá òkè, ó dáhùn. Mo rí i tí bàbá mi gbìyànjú láti jókòó ṣánṣán, ó la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n pe ti aládùúgbò wa lápá ìsàlẹ̀.

Àwọn ọkùnrin yíjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n tún yára gbé ojú kúrò. Ẹnu bàbá mi ṣì là sílẹ̀. Yèyé fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ tó ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí a gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe lójú ọ̀nà. Bàbá Rúùtù ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí oko kòkó wọn jọ pààlà, tó ń gbé lábúlé oko. Ó ń bọ̀ tẹkúntẹkún, ó ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Àjàyí o! Ukú ṣe mí léṣe! Kò sí ẹni tó rán sí mi!” Àwọn tó ti ibi ìpè padà sí oko ló sọ fún un pé wọ́n ti fo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ó kàn gbéra.

Ó wọlé, ó bá òkú rẹ̀ lórí àga, tó ń jẹ ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ṣì ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wo bàbá mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá sunkún òun, omi wá ń ṣàn lójú tirẹ̀ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun tó nǹkan mọ́. Tí mo bá sì ti kọjá níwájú rẹ̀, á na àtàǹpàkò òsì sókè sí mi. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Mo máa ń na tèmi padà sí i! Yèyé ló wá dá mi dúró ní ìdí ààrò.

Ó ní, “O mọ ohun tó ń sọ? Ó ní ìka tí òun fún ọ, ṣé kí o lè fi pa òun ni? Ó ní torí kí o lè máa dáhùn fún òun ni òun ṣe tẹ̀ ẹ́. Òun ò ní kí o lọ sọ pé òun ò sí nínú ulé mọ́.”

Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Gbogbo ìrìn yẹn! Gbogbo eruku yẹn! Gbogbo ìjókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́yà! Mo sọ fún Yèyé pé ṣé ẹ̀yin méjèèjì mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó? Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń gbẹ? Torí kí ojú má bàa pọ́n yín ni mo ṣe ṣe é!

Yèyé kò bá mi jà. Ó ní òun mọ̀ pé ó rẹ̀ mí. Ó ní ó rẹ bàbá mi náà, àti pé ìjókòó máa ń rẹ ènìyàn ju ìrìn lọ, kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo padà sí ọ́fíìsì owó-orí.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo wá ṣe, akọ̀wé bọ́ dígí ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo obìnrin tó ń tọrọ owó-orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí! Ó bi mí bóyá èmi àti bàbá mi ti jà, tí mo fẹ́ fi owó-orí jẹ ẹ́ níyà. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti ọjọ́ ìpè fún un, mo sọ ti Bàbá Rúùtù tó wá sunkún òkú tó ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹ̀rín dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ó ní ìjọba ò ní ìlànà fún irú nǹkan báyìí. Mo ní kí ó ka bàbá mi mọ́ àwọn tí owó wọn kéré jù lọ, kó ṣáà ti wà níbẹ̀. Mo ní èmi ni mo ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí bàbá mi fẹ́ sì nìyí. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ó pa mí.” Ó mú gègé, ó tún orúkọ náà kọ sísàlẹ̀ pátápátá.

Ìpè kejì wà fún àwọn tí kò tíì san. Ìpè ìtìjú ni, ẹ mọ̀ ọ́n! Àwọn tí wọ́n ń pè níbẹ̀ máa ń tẹrí ba ni. Bàbá tèmi? Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì àti fìlà! Láti kùtùkùtù ló ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń retí kí wọ́n wá dójú ti òun.

Mo dúró láàárín àwọn ọkùnrin, ìwé dúró-fún-mi wà nínú báàgì mi. Àwọn kan ń wò mí pé kí ni obìnrin ń wá níbí. Olórí àdúgbò dìde fúnra rẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé tó ń pe orúkọ, ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó pè é sókè, “Dáníẹ́lì Àjàyí!”

Mo mí sínú kí n lè dáhùn.

“Ẹ̀n!”

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ni, èyí tó máa ń ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ! Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò nílò Yèyé láti túmọ̀ rẹ̀. Èmi náà wá sọ èyí tí ìwé ní kí n sọ, pé, “Ó ń bẹ.” Àwọn ọkùnrin náà sì dáhùn pé, “Yóò pẹ́ ńbẹ̀ o!”

Mo san owó náà. Mo gba rìsíìtì, mo gbé e fún bàbá mi, ó fi ọwọ́ òsì gbà á. Yèyé ti fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí ọwọ́ òsì, mo ní kó fi í sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó jẹun yó.

Wọ́n ṣì pe orúkọ rẹ̀ ní àwọn ọdún mélòó kan sí i, ó sì ń dáhùn. Èmi náà ń wọ mọ́tò wá láti Ẹ̀fọ̀n lọ́dọọdún, ó ń rẹ̀ mí, mò ń kùn, mo sì ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́jọ́ dé, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ìpè tó tẹ̀ lé e, mo wà níbẹ̀. N ò mọ ohun tí mo wá ṣe. Wọ́n pe aládùúgbò wa lápá òkè, ó dáhùn. Mo ti la ẹnu pé “Ó ń...” kí n tó gbọ́ tí wọ́n pe ti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Tí òbí bá fi ìwé àṣẹ lé ọ lọ́wọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ohun tó fẹ́ kí o sọ ni kí o lọ sọ. Má sọ ohun tí yóò jẹ́ kí o rí ìsinmi. Tí kò bá lè sọ̀rọ̀, wá ẹni tó gbọ́ ẹ̀n rẹ̀, kí o sì jókòó tì í títí yóò fi yé ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dúró fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rí, tó rò pé òun ń tọ́jú wọn, tó wá jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń tọrọ? Ẹ bá mi sọ ọ́, mo fẹ́ gbọ́. Àwọn tí òbí yín ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ lọ pe orúkọ wọn ná. Tí wọ́n bá ti dáhùn, kí ẹ wá padà wá sọ tiyín.